Ìbéèrè Yín Lórí Gẹ̀ẹ́sì: Níbo ni "ti" yín já bọ́ sí?

Okun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà tó wọlé lórí Gẹ̀ẹ́sì lóṣù yìí pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ, nígbà tí mo sì jókòó kà wọ́n tán mo rí i pé márùn-ún nínú wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bi mí, ibi tí kálukú ti bá a pàdé ló yàtọ̀. Bá a ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan ni. Mo bá kúkú kó wọn pọ̀ síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí nípa lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti oral English, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ SS3 ni mí ní Kabba. Tíṣà wa ní ká kọ nǹkan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àdúgbò wa, mo wá kọ ọ́ pé "The yams of Kabba are bigger than Lokoja." Tíṣà fa ìlà pupa sábẹ́ Lokoja, wọ́n gé máàkì mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní kí n lọ kà nípa parallel structure. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe tí ò dáa? Iṣu Kabba tóbi ju ti Lọkọja lọ lóòótọ́.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, okun. Jọ̀ọ́ padà sókè kó o ka ìlà tó o fi parí lẹ́tà ẹ, kà á síta kí etí ẹ gbọ́ ọ. "Iṣu Kabba tóbi ju ti Lọkọja lọ." Ṣó o rí "ti" yẹn? Ohun tí tíṣà ẹ ń wá nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ gan-an nìyẹn. O ní in lẹ́nu látilẹ̀, ìgbà tó ò ń kó ọ̀rọ̀ náà lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ló já bọ́ sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká yọ "ti" náà kúrò nínú Yorùbá ká wò ó. "Iṣu Kabba tóbi ju Lọkọja lọ." Tí ìyá ẹ bá gbọ́ ọ, wọ́n á bi ẹ́ pé irú iṣu wo nìyẹn, tó tóbi ju odindi ìlú lọ, pẹ̀lú Òkè Patti, pẹ̀lú ọjà, pẹ̀lú gbogbo ilé tó wà létí omi. Bí gbólóhùn tó o kọ ṣe ń dún létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú nìyẹn. O gbé iṣu sí apá kan, o gbé ìlú sí apá kejì, o wá ní kí ẹni tó ń kàwé sọ èyí tó tóbi jù.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní "ti" tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ nǹkan kan lò ń sọ, tàbí nǹkan tí a kì í kà ní ení èjì bí omi, bí gàárì, bí ojú ọjọ́, "that of" ni wàá lò. Tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, "those of" ni. Iṣu tìẹ pọ̀, torí náà: "The yams of Kabba are bigger than those of Lokoja." Ká ní gàárì lo fẹ́ sọ: "The gari of Kabba is finer than that of Lokoja." Ọ̀nà kan tún wà tó kúrú, èmi gan-an fẹ́ràn ẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ torí ó fúyẹ́ lẹ́nu: "Kabba's yams are bigger than Lokoja's." Kọ́mà òkè yẹn àti "s" tó tẹ̀ lé e, àwọn náà ni "ti". Ṣùgbọ́n má pa méjèèjì pọ̀ o, mo ń rí i gan-an nínú ìwé àwọn ọmọ, "than those of Lokoja's", ìyẹn dà bí ẹni tó sọ pé "ju ti ti Lọkọja lọ". Ẹyọ "ti" kan tó.

Ó sì níbi tí mo rò pé ó ti ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́nu, láàárín ara wa, a máa ń sọ pé "Kabba yam big pass Lokoja own." Wo "own" yẹn dáadáa, "ti" náà nìyẹn, kò sọnù rárá, ẹni tó ń sọ pijin ń fi nǹkan tó bára mu wé ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ìgbà tá a bá wá jókòó sídìí tábìlì láti kọ Gẹ̀ẹ́sì ìwé, a mọ̀ pé "own" yẹn ò bá ìwé mu, a yọ ọ́ dànù, a ò sì fi nǹkan kan dípò ẹ̀. Àyè ẹ̀ wá ṣófo. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ti kọ́, ibi tí wọ́n ti ń pàdánù nìyẹn, ọgbọ́n wà lórí wọn dáadáa.

Orúkọ ńlá tó wà nínú ìwé yẹn, parallel structure, kò ju báyìí lọ: ohun tó wà ṣáájú "than" àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n sì wọ irú aṣọ kan náà. Lọ sí ọjà kó o dúró ti àwọn ìyá tó ń ta gàárì. Ìyá àkọ́kọ́ gbé múdù kalẹ̀, ó bu gàárì sí i títí ó fi kún, ó wá fi apá òsì yí ẹnu múdù ká bí ẹni gbá ọmọ mọ́ra kí gàárì má bàa dà nù, ó tún ń bù lé e títí ó fi ga bí òkè kékeré. Ìyá kejì, múdù kan náà, owó kan náà, àmọ́ ó fi ọwọ́ pa orí tiẹ̀ rẹ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú ẹsẹ̀ ni wàá mọ ẹni tí wàá rà lọ́wọ́ ẹ̀, torí múdù lo fi wé múdù. Ká ní ìyá kejì gbé ṣíbí kalẹ̀ ńkọ́, tàbí ó nawọ́ sí gbogbo ìsọ̀, ṣé wàá lè sọ pé ti ta ló pọ̀? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ka "bigger than Lokoja" nìyẹn, ó ń wá múdù kejì kò rí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe ní kíláàsì, ìwọ náà ṣe é nínú nóòtù ẹ. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti òkè bọ́ọ̀dù wá sí ìsàlẹ̀, mo kọ "than" sórí ìlà náà gan-an, màá wá ní kí ọmọ kan jáde wá kọ ohun tó ń fi wéra sí ọ̀tún àti òsì. Òsì: "the yams of Kabba." Ọ̀tún: "Lokoja." Gbogbo kíláàsì ló máa ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí ò rí i. Ojú ló ń kọ́kọ́ rí i, kí gírámà tó dé. Gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn márùn-ún ní alẹ́ yìí, àwọn tó o ti kọ rí ni kó o mú.

Ọ̀rọ̀ máàkì tó dùn ẹ́ náà, má fojú kéré ẹ̀. Nínú àròkọ WAEC, 50 máàkì ni gbogbo ẹ̀, 20 nínú ẹ̀ wà fún bó o ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, 10 tún wà lọ́tọ̀ fún àṣìṣe gírámà àti sípẹ́lì, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n sì ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ní JAMB, ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 60, ìyókù sì jẹ́ 40 40, torí náà òun ni ìbéèrè ẹ̀ pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tíṣà tó fa ìlà pupa yẹn sí ìwé ẹ, oore ni wọ́n ṣe ẹ́, ì bá kàn dáa kí wọ́n jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ ni.

Ìbéèrè: Mo ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìjùmú, mo ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Mo kọ méèlì sí kọ́sítọ́mà mi pé "The price of cashew this season is higher than last season." Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní kò dáa, ó ní "than that of last season" ni. Mo tún kọ ọ́ pé "The road to Kabba is better than Lokoja", ó ní ìyẹn náà ò dáa. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni kò dáa ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òwò. Ti kajú yẹn, èmi ò bá yín jà lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àsìkò, bí "last season", "last year", "yesterday", Gẹ̀ẹ́sì ń fún un láyè díẹ̀, torí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ni "than it was last season", ju bó ṣe rí ní èṣí lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìwé gan-an ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró ṣinṣin kí ẹnikẹ́ni má rí nǹkan kan sọ sí i, ẹ kọ "higher than it was last season" tàbí "higher than last season's", méjèèjì ló dára, ti ọmọ yín náà dára àmọ́ ó wúwo díẹ̀ fún méèlì òwò.

Ti ọ̀nà yẹn ni ọmọ yín ti jàre. Ọ̀nà lẹ gbé sí apá kan, ìlú lẹ gbé sí apá kejì. "Ọ̀nà Kabba dáa ju ti Lọkọja lọ", "ti" yẹn ló sọnù. "The road to Kabba is better than the road to Lokoja", tàbí "than the one to Lokoja". Ẹ wo bí "to" ṣe padà wá, ẹ má jẹ́ kó di "than that of Lokoja", torí ọ̀nà tó lọ sí ìlú yàtọ̀ sí ọ̀nà tó jẹ́ ti ìlú. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá wà ní apá òsì, ẹ jẹ́ kó wà ní apá ọ̀tún náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ooru Lọkọja pọ̀, ẹ má kọ "It is hotter in Lokoja than Kabba", "It is hotter in Lokoja than in Kabba" ni. Ẹni tó bá yọ "in" kejì yẹn ń sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí wàhálà, àmọ́ nínú ìwé tó ń lọ bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fi sí i.

Ìbéèrè: Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀gbẹ̀. Nínú ìpàdé àwa olùkọ́, mo sọ pé "I prefer to trek than climbing okada." Ẹlẹgbẹ́ mi kan rẹ́rìn-ín, inú mi ò dùn, àmọ́ mi ò mọ èyí tó yẹ kí n sọ gan-an. Ẹ má dárúkọ ilé ìwé mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Kò yẹ kí ẹni náà fi yín rẹ́rìn-ín, torí gbólóhùn yìí ń ṣe wàhálà fún àwọn tó ti fi ogún ọdún kọ́ni.

Àṣìṣe tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Ti "climbing" ló rọrùn jù, àwa là ń gun ọ̀kadà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń "ride" ni, òkè àti igi ni wọ́n ń "climb". Èkejì ni pé "prefer" kì í bá "than" rìn bẹ́ẹ̀, "to" ni ìkejì ẹ̀. Ẹ̀kẹta ló kan ọ̀rọ̀ wa tòní: apá òsì wọ "to trek", apá ọ̀tún wọ "climbing". Ẹni méjì ń lọ sóde kan náà, wọ́n ní aṣọ ẹbí, ọ̀kan wọ ọ́, ìkejì gbé tiẹ̀ wá láti ilé.

Yorùbá ò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń sọ ọ́: "Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n fẹsẹ̀ rìn ju kí n gun ọ̀kadà lọ." "Kí n" lọ́tùn-ún, "kí n" lósì. Tàbí "Fífẹsẹ̀ rìn tẹ́ mi lọ́rùn ju gígun ọ̀kadà lọ." Fífẹsẹ̀, gígun. Mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ Yàgbà sọ pé "Kí n fẹsẹ̀ rìn tẹ́ mi lọ́rùn ju gígun ọ̀kadà lọ", ẹnu gan-an á kọ̀ ọ́. Àwọn bàbá wa sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ikú jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ̀sín jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ìdí nìyẹn tó fi ń dún bí agogo. Ẹ bá mi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: "Death is better than disgrace." Ó dúró. Ẹ wá wo "To die is better than disgrace." Ó ti ń tiro. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi "to die" bẹ̀rẹ̀, ẹ fi irú ẹ̀ parí ẹ̀: "It is better to die than to be disgraced."

Nítorí náà, ti ọ̀kadà yín, mẹ́ta nìyí, ẹ mú èyí tó bá wù yín. "I prefer trekking to riding an okada." "I prefer to trek rather than ride an okada." "I would rather trek than ride an okada." Ti ìkẹta yìí ló bá ẹnu mu jù, òun ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ, torí "would rather" àti "than" rọrùn fún wọn láti rántí, ìṣe lásán ló sì ń tẹ̀ lé méjèèjì, "trek", "ride", kò sí "to", kò sí "ing". Ẹ ṣọ́ra ṣá pẹ̀lú "prefer trekking to", nítorí "to" yẹn máa ń tan èèyàn, ó máa ń ṣe bíi pé kéèyàn kọ "to ride" tẹ̀ lé e. "Ing" ni "ing" ń bá jókòó níbẹ̀.

Nígbà tí èmi náà wà ní ilé ìwé girama, olùkọ́ wa kan máa ń fi kọ́ńpáàsì ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀, ẹsẹ̀ kan dúró, ẹsẹ̀ kejì ń yí, tí ẹsẹ̀ tó dúró bá yẹ̀, ohun tó bá yà ò ní ṣe róbótó. Mo rántí dídún tí kọ́ńpáàsì onígi yẹn máa ń dún lára bọ́ọ̀dù. Ẹ lè lo tiwọn náà fún àwọn ọmọ yín.

Ìbéèrè: Àǹtí, okun o. Mọpa ni mí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Abuja. Mo kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp pé "I call Mummy more than you." Láti ọjọ́ yẹn kò dá mi lóhùn mọ́, ó ní mo ń sọ pé òun ò ka ìyá wa sí. Èmi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó má bínú tí mi ò bá ráyè pe òun, torí ìyá wa ti dàgbà, àwọn ni mo máa ń pè jù. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì mi ò dáa ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, okun. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì ẹ dáa, kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ló là, ẹ̀gbọ́n ẹ sì gba èyí tí ò dáa. "I call Mummy more than you do", mo ń pè wọ́n ju bí ìwọ ṣe ń pè wọ́n lọ. "I call Mummy more than I call you", mo ń pè wọ́n ju bí mo ṣe ń pè ẹ́ lọ. Ìwọ ní ti ìkejì lọ́kàn, òun gbọ́ ti àkọ́kọ́. Níwọ̀n ìgbà tó o ti gé e kúrú sí "than you", kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀.

Ibí nìkan ni Yorùbá ò ti ní gbà wá nínú ewu fúnra ẹ̀. "Mo máa ń pe Màmá jù ẹ́ lọ", òun náà là sọ́nà méjì, ẹ̀gbọ́n ẹ ì bá sì lè bínú bákan náà. Tá a bá sọ ọ́ lójúkojú, ojú àti ohùn á ti túmọ̀ ẹ̀, ìdí nìyẹn tá ò fi ń fura. Lórí fóònù, kò sí ojú, kò sí ohùn. Torí náà, nígbàkigbà tó bá ti jẹ́ pé èèyàn ló wà lẹ́yìn "than", tí èèyàn mìíràn sì wà ṣáájú ẹ̀, má gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ṣe ẹsẹ̀ kejì ẹ̀ kó pé, fi "do" sí i tàbí kó o tún "I call" sọ. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré ni.

Má tún kọ ọ́ sí WhatsApp láti fi bẹ̀ ẹ́ o. Pè é. Sọ fún un pé o kọ ọ́ kúrú jù ni, kó o sì sọ ohun tó o ní lọ́kàn fún un ní Yorùbá, tó bá gbé e bó o ṣe kí i ní okun, ó ti tán nìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní Ìsánlú. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìkíni ní Gẹ̀ẹ́sì torí àwọn àlejò tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo gbólóhùn mẹ́rin yìí kí n má bàa dójú ti ìlú. 1. "The length of the Niger is greater than the Benue." 2. "The Niger is longer than any river in Nigeria." 3. "The age of Kwara State is higher than Kogi State." 4. "Unlike other artists, the adire of Nike Okundaye has carried the name of Ogidi round the world."

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsinmi o bàbá, ẹ kú ìnáwó ìlú. Inú mi dùn pé ẹ kọ nípa ilé wa, kí n tètè tò ó kí ẹ lè ráyè tẹ̀ ẹ́.

Ti àkọ́kọ́, gígùn lẹ gbé sí apá kan, odò sí apá kejì. "The length of the Niger is greater than that of the Benue." Ó ti dáa. Àmọ́ bàbá, èmi ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ èmi. "The Niger is longer than the Benue." Odò àti odò, ó parí. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí "that of" bá ń gbé ara wọn lé orí ara wọn, ohun tó ń sọ fún wa ni pé a ti fi ọ̀rọ̀ tí kò yẹ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kí a yọ "the length of", "the age of", "the price of" yẹn kúrò kí a jẹ́ kí nǹkan náà fúnra ẹ̀ jáde síta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà sí i kí àwọn àlejò lè mọ̀ bó ṣe tó, Odò Ọya gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 4,180, láti orí òkè Gínì títí dé òkun, Benue tó ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù jẹ́ nǹkan bíi 1,400. "The Niger, at about 4,180 kilometres, is roughly three times as long as the Benue, at about 1,400." Ẹ wo bí "at about" ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lọkọja níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù. Odò Ọya fúnra ẹ̀ jẹ́ odò kan ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ bá wá ní ó gùn ju odò èyíkéyìí lọ ní Nàìjíríà, ẹ ti ní ó gùn ju ara ẹ̀ lọ. "The Niger is longer than any other river in Nigeria." "Other" yẹn ló yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tẹ́ ẹ ń fi í wé. Ká ní òde Nàìjíríà lẹ ti mú odò náà, a ò ní nílò "other", bí àpẹẹrẹ, "The Niger is longer than any river in England", torí kò sí lára odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọjọ́ orí Kwara lẹ fi wé Kogi. Ẹ tún un ṣe bí ti odò: "Kwara State is older than Kogi State." Kwara ti wà láti 1967, Kogi jáde ní 27 August 1991, láti ara Kwara àti Benue, àwa Okun, ìyẹn àwa Yorùbá tó wà ní Kogi, sì wá láti apá Kwara. Ẹ lè sọ pé "Kwara State was created in 1967; Kogi State was created in 1991", ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù, gbólóhùn méjì tó rìn pọ̀ bí ìbejì, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń hó á ṣì gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí a máa kà síta fún èrò nílò ìdọ́gba yìí ju èyí tí a máa fi ojú kà lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló le jù, àwọn oníwèé ìròyìn pàápàá ń ṣì í. "Unlike other artists", bó o bá ti sọ ìyẹn, etí ń retí ayàwòrán kan lẹ́yìn kọ́mà, ṣùgbọ́n aṣọ ló rí, "the adire". Ẹ ti fi èèyàn wé aṣọ. Ẹ jẹ́ kí Nike Okundaye fúnra wọn jáde lẹ́yìn kọ́mà náà: "Unlike many other artists, Nike Okundaye has carried the name of her home town round the world with her adire." Tàbí tó bá jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ gbé ga: "Like the adire of Abeokuta, the adire of Nike Okundaye is known far beyond Nigeria." Aṣọ àti aṣọ. Ẹ lè fi kún un pé Ògìdì ní Ìjùmú ni wọ́n bí wọn sí ní 1951, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú èyí tó wà ní Èkó, Òṣogbo àti Abuja. Ẹ̀yin ará Ìsánlú tẹ́ ẹ ń fi ọmọ Ògìdì yangàn nínú ọ̀rọ̀ ìkíni yín, ó wú mi lórí gan-an.

Ohun kan tó kù tí mo rí nínú ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Our hall is as big if not bigger than any in Yagba." "As" kan péré ló wà níbẹ̀, méjì ló yẹ. Ọwọ́ òsì "as", ọwọ́ ọ̀tún "as", ká tó wá dé orí "than": "Our hall is as big as, if not bigger than, any other in Yagba." Ẹ fi kọ́mà méjèèjì sí i. Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ó dáa ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ bo àárín kọ́mà méjèèjì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá ka ìyókù: "Our hall is as big as any other in Yagba." Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ bo ti àkọ́kọ́ yín bẹ́ẹ̀, "Our hall is as big any in Yagba", ẹ ẹ́ rí i pé ẹsẹ̀ kan ti kán.

Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, bàbá, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, màá tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.